Ẹ ti gbà láti pínyà, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó yín ò tíì tú

Obìnrin kan wá sí ṣáńbà lọ́yà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn lọ́jọ́ kan, ó gbé láílọ́ọ̀nù dúdú dání, inú ẹ̀ ló ti yọ ìwé kan tí wọ́n já látinú ìwé ọmọ iléèwé, ìlà búlúù ẹ̀ ṣì hàn, ìtẹ̀ka mẹ́ta sì wà nísàlẹ̀ tí tàdáwà ẹ̀ ti ń ṣí. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó ti jókòó, wọ́n ti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, wọ́n sì ti gbà pé kí kálukú máa lọ ní àlàáfíà. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti kọ ọ́. Òun àti ọkọ ò bínú síra wọn mọ́, ọkọ tiẹ̀ ti ń san owó iléèwé ọmọ látìgbà náà. Ọkùnrin míì wá fẹ́ fẹ́ ẹ, wọ́n lọ sí réjísírì láti gba ọjọ́, ẹni tó jókòó síbẹ̀ bi í bóyá ó ti ṣègbéyàwó rí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni ṣùgbọ́n ó ti tú, wọ́n ní kó mú ìwé kóòtù wá. Ìwé ẹbí yẹn ló mú fún wọn. Mo rántí bó ṣe tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án kó lè tọ́, tó ń bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló kù nínú ìwé yìí?"

Kóòtù ló kù. Lójú òfin, ìyàwó ọkọ ẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣì jẹ́ látọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí sàtífíkéètì, ẹbí ìbáà jókòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí dáadáa torí mo rí i pé àwọn tí wọ́n pínyà láìjà gan-an ló máa ń kó sí wàhálà yìí jù. Àwọn tó ń jà á ti sáré dé kóòtù tipẹ́. Àwọn tí wọ́n gbà fúnra wọn, tí wọ́n pín ẹrù ní pẹ̀lẹ́tù, tí wọ́n ń kí ara wọn lórí fóònù, àwọn yẹn ló máa ń rò pé ó ti parí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi ara yín ni pé irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe. Ọ̀pọ̀ wa ṣe méjì pọ̀, a ṣe mọ̀mínmọ̀ọ́ àti ìdána nílé, a tún lọ sí réjísírì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá jẹ́ ìdána nìkan lẹ ṣe, tàbí yìgì nìkan lẹ so, kóòtù ìbílẹ̀ tí àwọn èèyàn ń pè ní kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ lè tú u, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò sì ta kókó. Ẹni tó fẹ́ jáwèé á lọ pe ẹjọ́, wọ́n á fìwé pe ẹnì kejì, ààrẹ kóòtù á kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí ìjà, tí kò bá ṣeé ṣe wọ́n á tú u, wọ́n á sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n á sì bi yín nípa owó orí. (Ibi owó orí yìí máa ń ru àwọn èèyàn lójú torí ọ̀pọ̀ ẹbí Yorùbá ló ti dá owó náà padà lójú agbo lọ́jọ́ ìdána, tí bàbá ìyàwó ní òun ò ta ọmọ. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún kóòtù, kò sí nǹkan kan láti dá padà mọ́.)

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti lọ sí réjísírì, tàbí ẹ ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní láísẹ́ǹsì ìjọba tí wọ́n sì fún yín ní sàtífíkéètì tó wà lábẹ́ òfin ìgbéyàwó, ó ti di ti kóòtù gíga nìyẹn, High Court. Kóòtù kọ́kọ́-kọ́kọ́ ò ní agbára lórí ẹ̀ rárá. Mo ti rí ọkùnrin kan tó mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ láti kóòtù ìbílẹ̀ wá, òǹtẹ̀ wà lórí ẹ̀, ìwé náà dára lójú, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó réjísírì ló ní, kò sì sọ fún wọn níbẹ̀. Ìwé yẹn ò tú nǹkan kan ká. Tí kò bá dá yín lójú, ẹ wá sàtífíkéètì yín jáde kí ẹ kà á. Tó bá jẹ́ káàdì ìbùkún tí pásítọ̀ fọwọ́ sí nìkan lẹ rí, tí kò sí nọ́ńbà ìjọba, tí kò sí orúkọ òfin ìgbéyàwó lórí ẹ̀, ẹ fi han lọ́yà kó bá yín wò ó kí ẹ tó ná owó kankan.

Òfin tó ń darí ti kóòtù gíga ni Matrimonial Causes Act, ọdún 1970 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun náà la ṣì ń lò títí dòní. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yàtọ̀ sí ohun tí àwọn èèyàn ń rò rèé: nínú òfin yìí, kò sí pé ọkọ àti ìyàwó jọ kọ ìwé kan ṣoṣo pé àwa méjèèjì ti sú ara wa, ẹ bá wa tú u. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́, ẹnì kejì á jẹ́ olùjẹ́jọ́, kódà tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wọ mọ́tò kan náà wá sí kóòtù. Ó máa ń dun àwọn olùjẹ́jọ́ gan-an, wọ́n á rí orúkọ wọn níwájú ìwé bíi pé wọ́n jalè. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kò túmọ̀ sí nǹkan kan, ìwé gbọ́dọ̀ ní ẹni tó mú un wá àti ẹni tí wọ́n mú un wá fún ni.

Èkejì, pé ẹ ti gbà ò tó fún adájọ́. Ìdí kan ṣoṣo ni òfin mọ̀, pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, àwọn nǹkan tí ẹ sì lè fi fi hàn pé ó ti bàjẹ́ wà ní abala 15, mẹ́jọ ni wọ́n. Àgbèrè wà níbẹ̀, ìwà tí èèyàn ò lè fara dà wà níbẹ̀, kí ẹnì kan pa ẹnì kejì tì fún ó kéré tán ọdún 1 wà níbẹ̀, àti àwọn míì. Èyí tó bá àwọn tó gbà láìjà mu jù lọ ni ti gbígbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀nà méjì ló sì pín sí. Tí ẹ bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 gbáko ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀, tí olùjẹ́jọ́ ò sì ta kò ó, adájọ́ lè tú u. Tó bá ti pé ọdún 3, kò tiẹ̀ ṣe pàtàkì mọ́ bóyá ẹnì kejì gbà àbí kò gbà.

Ẹ wo obìnrin onílái­lọ́ọ̀nù wa yẹn, ọdún kẹrin ló wà. Ó ti kọjá ọdún 3 látìgbà tó ti kó kúrò, ọ̀nà wà fún un látọdún tó kọjá, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Kí ni gbígbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀? Ohun tí òfin wò ni agbo ilé, bóyá ẹ ṣì jọ ń gbé gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya. Ọkọ tó lọ ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt fún ọdún 2 tó ń fowó ránṣẹ́, tó ń wálé lọ́dún, tí ẹ jọ ń sùn, ìyẹn kì í ṣe pípínyà o. Lódì kejì, àwọn kan wà nínú ilé kan náà tí wọn ò jẹun pọ̀, wọn ò sùn pọ̀, ẹnu wọn ò papọ̀, wọ́n lè sọ pé agbo ilé àwọn ti di méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹ̀ le, adájọ́ á bi yín ní ìbéèrè dáadáa, tó bá ṣeé ṣe kí ẹnì kan kó jáde ó dára jù. Ẹ kọ ọjọ́ tó kó jáde sílẹ̀. Ìwé háyà ilé tuntun, rìsíìtì mọ́tò tó kó ẹrù, nǹkan báyìí ló máa ń wúlò.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù láti gbìyànjú àtúnṣe torí wọ́n rò pé ọjọ́ á bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Rárá o. Tí ẹ bá padà gbé pọ̀ láti wò ó bóyá ó máa dára, tí gbogbo ìgbà náà ò ju oṣù 6 lọ, kò ba ohun tí ẹ ti kà tẹ́lẹ̀ jẹ́, kìkì pé oṣù tí ẹ fi gbé pọ̀ yẹn ni kò ní wọ inú kíkà. Inú mi máa ń dùn sí apá yìí nínú òfin, torí ó jẹ́ kí ẹni tó bá ṣì ní ìfẹ́ díẹ̀ lọ́kàn lè lọ wò ó láìsí ìbẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ ọdún 2 míì tún wà tí ẹ ò gbọ́dọ̀ pa pọ̀ mọ́ èyí. Tí ìgbéyàwó fúnra ẹ̀ ò bá tíì pé ọdún 2, ẹ ò lè pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ àyàfi tí kóòtù bá fún yín láàyè, àwọn ìdí díẹ̀ bí àgbèrè ni kò nílò àṣẹ yẹn. Adájọ́ kì í sì í fún èèyàn láàyè lásán, ó gbọ́dọ̀ rí i pé ìyà tó ń jẹ ẹni náà kọjá ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbi irọ́ pípa, torí ibẹ̀ ni àwọn tó gbà láìjà ti ń ba ọ̀rọ̀ ara wọn jẹ́. Tọkọtaya á jókòó, oṣù 8 péré ni wọ́n fi pínyà, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká sọ pé ọdún 3 ni, ta ló fẹ́ mọ̀? Tàbí ọkọ á ní kí ìyàwó kọ ọ́ pé òun ṣe àgbèrè, kó lè yá. Òfin ní orúkọ fún un, collusion, kí ẹni méjì jọ dìmọ̀ láti fi irọ́ gba ìdájọ́, tí adájọ́ bá sì rí i, ẹjọ́ náà á já sí òfo. Áfídáfíìtì lẹ sì máa búra sí, irọ́ inú áfídáfíìtì ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba ni. Ti àgbèrè yẹn tún burú sí i, torí tí ẹ bá dárúkọ ẹni tí wọ́n bá ṣe é, òfin ní kí wọ́n fi ẹni yẹn náà sínú ẹjọ́, ẹ ti fa ọmọ ọlọ́mọ wọ ohun tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tí ọdún yín ò bá tíì pé, ẹ ní sùúrù kó pé. Ṣùgbọ́n kí ẹ jókòó láti fẹnu kò lórí ọmọ, lórí ilé, lórí owó, ìyẹn kì í ṣe dídìmọ̀ pọ̀, ohun tó yẹ kí ẹ ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó yanjú lórí ìwé kí ẹnikẹ́ni tó dé iwájú adájọ́. Àwọn lọ́yà ń pè é ní terms of settlement, àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí tí wọ́n fi sí kóòtù, tí adájọ́ bá fara mọ́ ọn ó di àṣẹ kóòtù, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ yẹ àṣẹ kóòtù nìyẹn. Ó yàtọ̀ gan-an sí kí ọkọ kàn fẹnu sọ pé òun á máa san owó iléèwé.

Ọmọ ló ṣáájú. Ohun tí òfin kà sí jù níbẹ̀ ni ire ọmọ, kì í ṣe ẹni tó lówó jù, kì í sì í ṣe pé bàbá ló ni ọmọ bí a ṣe máa ń wí nílé. Ẹ kọ ọ́ ní kedere: ọ̀dọ̀ ta lọmọ á máa gbé, ọjọ́ wo ni ẹnì kejì á máa rí i, hólídè ńkọ́, ọdún Iléyá àti Kérésì ńkọ́, ta ló ń san owó iléèwé, ta ló ń san ti ilé ìwòsàn. Mo ti tẹ àdéhùn tí wọ́n kọ "bàbá á máa rí àwọn ọmọ nígbàkúùgbà" sí, oṣù mẹ́ta kò pé tí wọ́n fi padà wá, torí bàbá á kàn ilẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ iléèwé, nígbàkúùgbà ni wọ́n ṣáà kọ. Wọ́n tún un kọ sí Sátidé kejì àti ìkẹrin, aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìjà parí. Tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, kóòtù ò ní jẹ́ kí ìtúká náà dúró pátápátá àfi tó bá tẹ́ adájọ́ lọ́rùn pé ètò ọmọ náà dára, nítorí náà kò sí bí ẹ ṣe lè fò ó.

Dúkìá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìdajì-ìdajì ni, wọ́n ti rí i nínú fíìmù. Òfin tiwa ò sọ bẹ́ẹ̀. Agbára tí òfin fún adájọ́ ni kó pàṣẹ ohun tó bá tọ́ tó sì bá ẹ̀tọ́ mu, tí ìjà bá sì dé orí ẹ̀, ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ lẹnu ẹ̀ máa ń tólẹ̀, ẹni tó lè mú rìsíìtì sìmẹ́ǹtì àti ìwé báńkì jáde. Àwọn obìnrin wa tí wọ́n fi owó àjọ ra páànù, tí wọ́n bọ́ àwọn bíríkìlà láti fáúńdéṣọ̀n dé òrùlé tí orúkọ ọkọ nìkan wá wà lórí ìwé ilẹ̀, àwọn ni mo ń ṣàánú jù. Nígbà tí ẹ ṣì ń bára yín sọ̀rọ̀ dáadáa ni kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ni kálukú máa mú, owó wo ni ta máa san fún ta, títí dé ọjọ́ wo. Tí owó ìtọ́jú bá wà fún ìyàwó náà, ẹ kọ iye ẹ̀.

Ó yá, ìwé wo lẹ máa kó? Sàtífíkéètì ìgbéyàwó lẹ máa kọ́kọ́ wá. Tó bá ti sọnù, ẹ padà sí réjísírì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti ṣe é kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, ìyẹn lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan nítorí náà òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà lọ́yà á kọ ìwé ìpẹ̀jọ́, ọjọ́ ìgbéyàwó á wà níbẹ̀, ibi tí ẹ ti gbé pọ̀, orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn ọmọ, ọjọ́ tí ẹ pínyà, ohun tí ẹ ń bẹ kóòtù fún. Áfídáfíìtì á wà níbẹ̀ tí olùpẹ̀jọ́ fi búra pé òótọ́ ni, ìwé kan tún wà tí lọ́yà fúnra ẹ̀ á fọwọ́ sí pé òun ti bá oníbàárà òun sọ̀rọ̀ nípa bóyá wọ́n lè padà parí ìjà. Ẹ má bínú tí lọ́yà bá bi yín ní ìbéèrè yẹn, òfin ló ní kó bi yín.

Kóòtù gíga ìpínlẹ̀ èyíkéyìí lẹ lè lọ tí Nàìjíríà bá jẹ́ ilé olùpẹ̀jọ́, ibi tó fi ṣe ibùgbé tó sì ní lọ́kàn láti wà. Ẹni tó ṣègbéyàwó ní Ìkòyí lè pe ẹjọ́ n'Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹ lo ọgbọ́n, tí ẹ̀yin méjèèjì bá ń gbé l'Ékòó, kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Sókótó? Kóòtù lágbára láti gbé ẹjọ́ lọ síbi tó bá yẹ jù.

Lọ́yà kan ò lè ṣojú ẹ̀yin méjèèjì o, bó ti wù kí ẹ gbà tó. Lọ́yà olùpẹ̀jọ́, ti olùpẹ̀jọ́ ni. Ẹnì kejì lè má gba lọ́yà rárá tí kò bá fẹ́ ta ko nǹkan kan, ṣùgbọ́n kó san owó díẹ̀ kí lọ́yà míì bá a ka àdéhùn yẹn kó tó fọwọ́ sí i. Mo bẹ̀ yín. Ìwé tí ẹ ò lóye, ẹ má fọwọ́ sí i torí pé ẹ fẹ́ kó tètè parí.

Tí wọ́n bá ti fi ìwé sílẹ̀, báílífù kóòtù á mú un lọ fún olùjẹ́jọ́. Ibi yìí ni gbígbà yín ti máa wúlò jù. Mo ti rí ẹjọ́ tó lo oṣù mẹ́sàn-án torí olùjẹ́jọ́ ń sá fún báílífù, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọ́n ní láti padà lọ bẹ kóòtù kó jẹ́ kí wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn. Èyí tó bá gbà á ní pẹ̀lẹ́tù, kó fọwọ́ sí i pé òun ti rí i gbà, kó sì fi hàn pé òun ò ní ta ko ìtúká náà, ó ti dín ìrìn-àjò náà kù nìyẹn. Ẹ sọ fún ara yín lórí fóònù pé báílífù ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí, kó má baà dé ibi iṣẹ́ lójijì kí ojú máa ti èèyàn lójú àwọn ọ̀gá.

Ọjọ́ kóòtù fúnra ẹ̀ kì í gùn. Olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, á wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí, á fi Bíbélì tàbí Kùránì búra, lọ́yà á bi í ní orúkọ, ọjọ́ ìgbéyàwó, á fi sàtífíkéètì han kóòtù, á sọ ọjọ́ tí wọ́n pínyà àti bó ṣe jẹ́. Adájọ́ lè bi í ní tiẹ̀. Ó tún lè sún ẹjọ́ síwájú tó bá rí i pé ó ṣeé ṣe kí ẹ padà. Ẹ̀rí yìí ni kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé lọ́yà á kàn fi ìwé àdéhùn sílẹ̀ kó sì parí, àdéhùn lè parí ọ̀rọ̀ ọmọ àti dúkìá, ṣùgbọ́n ìtúká náà fúnra ẹ̀, adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀rí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Mo wà ní kóòtù lọ́jọ́ kan tí ìyàwó ń jẹ́rìí, ọkọ jókòó sí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn, kò ní lọ́yà. Nígbà tí wọ́n bi ìyàwó pé ìgbà wo ló kó jáde, ohùn ẹ̀ há, kò lè sọ ọ́. Ọkọ dìde lẹ́yìn, ó mú ike omi jáde nínú báàgì ẹ̀, ó gbé e fún akọ̀wé kóòtù pé kó bá òun fún un. Adájọ́ wò ó, ó bi í pé ṣé ó dá a lójú pé kò ta ko ohun tí ìyàwó ẹ̀ ń bèèrè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dá òun lójú, pé wọ́n ti gbìyànjú. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tó fi parí.

Ẹ má tíì lọ ra aṣọ ẹbí o! Ohun tí adájọ́ fún yín lọ́jọ́ yẹn ni decree nisi, ìtúká àkọ́kọ́, ìgbéyàwó náà ṣì wà. Oṣù 3 gbọ́dọ̀ kọjá kó tó di decree absolute, èyí tó tú u pátá, tó bá sì jẹ́ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 wà, kóòtù gbọ́dọ̀ ti sọ pé ètò wọn tẹ́ òun lọ́rùn, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn ọjọ́ 28 gbọ́dọ̀ kọjá, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì ni wọ́n á tẹ̀ lé. Nínú oṣù 3 yìí ẹ ṣì lè sọ pé ẹ ti parí ìjà kí kóòtù fagi lé e. Ẹni tó bá lọ fẹ́ ẹlòmíì ní réjísírì láàárín ìgbà yìí, ó ti ṣe ìgbéyàwó méjì, nínú Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò níhà gúúsù, ẹ̀wọ̀n ọdún 7 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni tí ẹnì kan bá kú nínú oṣù 3 náà, opó lẹnì kejì, kì í ṣe ẹni tó ti kọ ọkọ, ọ̀rọ̀ ogún á sì dìde. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà.

Àwọn tó wà ní London àti Manchester máa ń bi mí pé ṣé àfi káwọn wálé. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń gbé ní England tàbí Wales, kóòtù ibẹ̀ lè tú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ní réjísírì Nàìjíríà, ẹ kàn máa nílò sàtífíkéètì yín, ìgbéyàwó náà sì gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 1. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2022 ni òfin wọn ti yí padà, ẹ ò ní láti sọ pé ẹnì kan ṣẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì sì lè jọ fi ìwé kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí tiwa ò gbà. Ọ̀sẹ̀ 20 gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó lè bèèrè fún conditional order, tó dà bíi decree nisi tiwa, lẹ́yìn tí wọ́n bá fún yín, ọ̀sẹ̀ 6 àti ọjọ́ 1 kí ẹ tó bèèrè fún final order, èyí tó tú u pátá. Ọ̀rọ̀ owó àti dúkìá, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀, àdéhùn tí ẹ bá ṣe gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ adájọ́ kó tó dè yín. Ilé tí ẹ kọ́ sí Ìjẹ̀bú, ẹ mẹ́nu bà á, ẹ má pa á mọ́.

Obìnrin onílái­lọ́ọ̀nù, ọ̀nà ọdún 3 ló gbà. Ọkọ ẹ̀ àtijọ́ fọwọ́ sí ìwé báílífù lọ́jọ́ kan náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọmọ wọn kan ṣoṣo ti lé ní ọdún 16, kò sí dúkìá tí wọ́n ń fà. Nígbà tí oṣù 3 pé, èmi ni mo bá a lọ sí kóòtù lọ gba ìwé náà. Mo ní kó má tíì kúrò níwájú tábìlì, kó mú sàtífíkéètì ìgbéyàwó ẹ̀ jáde ká fi wéra, torí mo ti rí i kí wọ́n kọ "Adeola" sí ibi tó yẹ kó jẹ́ "Adeolu", tí báńkì àti ẹ́ńbásì kọ̀ ọ́ nítorí lẹ́tà kan. A kà á lẹ́tà sí lẹ́tà, ọjọ́ ìgbéyàwó, nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ bàbá ẹ̀. Ó pé. A gba ẹ̀dà mẹ́ta tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, ọ̀kan fún réjísírì, ọ̀kan fún ọ́fíìsì ẹ̀ kí wọ́n lè yọ orúkọ ọkọ àtijọ́ kúrò níbi tó kọ ọ́ sí pé òun ni kí wọ́n fún lówó tóun bá kú, ọ̀kan tó ní òun máa tọ́jú sílé.